Ta Ni Yóò Tẹ̀ka Sí I? Ìmúrasílẹ̀ Wa fún Ẹ̀rọ Tó Ń Hun Ọ̀rọ̀

Àkòrí tí wọ́n fún mi ni bí àwùjọ ṣe yẹ kó múra sílẹ̀ de ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pè ní AI, pàápàá irú èyí tó ń kọ̀wé, tó ń yàwòrán, tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ní Ìbàdàn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń tẹ̀lé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kan níbẹ̀. Akọ̀wé náà ní tábìlì kékeré kan, tápúrétà dúdú kan, àti agolo pẹlẹbẹ tí tàdáwà aláwọ̀ àlùkò wà nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà á jókòó sórí àpótí, á máa rojọ́, akọ̀wé á máa tẹ̀ ẹ́. Yorùbá ló ń wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ló ń jáde. Bí ó bá parí, Ìyá Àgbà kì í na àtàǹpàkò rẹ̀ sí tàdáwà títí akọ̀wé yóò fi ka ohun tó tẹ̀ padà fún un ní Yorùbá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rántí ọjọ́ kan tó dá a dúró láàárín ìwé kíkà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́. Bá mi yọ ọ́." Inú akọ̀wé kò dùn, nítorí ìwé tuntun ni yóò fà yọ, yóò sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ìyá Àgbà káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Akọ̀wé tún un tẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí Ìyá Àgbà ń bèèrè yẹn, òfin ló bá a sọ ọ́. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni òfin kan ti wà nílẹ̀ yìí tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé, ó sì ṣì wà nínú ìwé òfin àwọn ìpínlẹ̀ wa. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí ìwé náà, kó kà á, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kí onítọ̀hún tó tẹ̀ka. Akọ̀wé tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ìwé náà lọ sí kóòtù kó wá fi gba nǹkan lọ́wọ́ aláìmọ̀wé náà. Ẹ wo làákàyè tó wà níbẹ̀. Wọn kò ní kí akọ̀wé má kọ̀wé mọ́. Wọn kò ní kí wọ́n kó tápúrétà dànù. Wọ́n kàn ní kí á mọ ẹni tó kọ ọ́, kí á mọ̀ bóyá wọ́n kà á fún ẹni tó ni ín, kí á sì mọ ẹni tó fi ìka sí i.

Gbogbo ohun tí mo ní í sọ lónìí kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìka yìí. Níwájú ẹ̀rọ tuntun yìí, aláìmọ̀wé ni gbogbo wa, àti ọ̀jọ̀gbọ́n àti ìyá alákàrà. Àwọn tó ṣe é gan-an kò lè ṣàlàyé gbogbo ohun tó ń lọ nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ múra sílẹ̀ dè é lóòótọ́, ohun tó yẹ ká dúró lé lórí ni pé ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ ti inú ẹ̀rọ wọ ilé wa, kíláàsì wa, kóòtù wa tàbí ilé ìwòsàn wa, kó má ní ọmọ ènìyàn kan tó fi àtàǹpàkò rẹ̀ sí i, tó sì ṣe tán láti dáhùn bí wọ́n bá pè é.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe é

Bí mo bá sọ pé, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà..." Ẹ ṣeun. Ẹ gbọ́ bí gbogbo gbọ̀ngàn ṣe gbè é. Kò sí ẹni tó ronú nínú yín kó tó sọ pé kò lè ní àkísà bí àgbà. Etí yín ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu yín fi mọ ohun tó kàn. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe nìyẹn. Wọ́n kó ìwé ìtàn, ìwé òfin, ìròyìn, ìwé àdúrà, èébú orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún un, títí tó fi mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ báyìí bá ṣíwájú, ọ̀rọ̀ báyìí ló sábà máa ń tẹ̀lé e. Ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ kan ní Google tẹ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é lónìí jáde. Ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ OpenAI ní San Francisco gbé ChatGPT síta fún tẹrú-tọmọ. Kí oṣù méjì tó pé tán, wọ́n ti fojú bu àwọn tó ń lò ó sí 100 mílíọ̀nù.

Ẹni tó mọ ìparí òwe lè máà mọ ìgbà tí òwe bá ọ̀rọ̀ mu. Ibẹ̀ ni ewu ẹ̀rọ yìí wà. N kì í pè é ní òpùrọ́, nítorí òpùrọ́ mọ òótọ́, ó fi pamọ́ ni. Ohun tó bá dún bí òótọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń mú jáde, ìbáà ṣẹlẹ̀, ìbáà má ṣẹlẹ̀. Ní ìlú New York, àwọn agbẹjọ́rò kan gbé ìwé lọ síwájú adájọ́ nínú ẹjọ́ tí oníbàárà wọn pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca. Wọ́n tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ tí kóòtù ti dá rí. ChatGPT ló bá wọn wá a. Orúkọ olùpẹ̀jọ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹjọ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ adájọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ẹjọ́ náà kò sì ṣẹlẹ̀ rí. Agbẹjọ́rò náà tilẹ̀ bi ẹ̀rọ yìí léèrè bóyá òótọ́ ni, ẹ̀rọ ní òótọ́ ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Adájọ́ Kevin Castel bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Adájọ́ náà sọ ọ́ kedere pé kò sí ohun tó burú nínú kí agbẹjọ́rò wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn agbẹjọ́rò ló wà nísàlẹ̀ ìwé. Àwọn ló tẹ̀ka, àwọn ló sanwó.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ bá le, wọn kì í rán ọmọ. Wọ́n á ní kí onítọ̀hún wá, ká jọ rí ojú ara wa. Ohun tí ẹ̀rọ yìí fọwọ́ kàn jù lọ nínú ayé wa nìyẹn, nítorí ó lè ṣe ojú, ó sì lè ṣe ohùn.

Obìnrin kan wà tí mo máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń wọn èlùbọ́ fún mi, mo rí i pé ọwọ́ tó fi mú kóńgò ń gbọ̀n. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé?" Ó ní fóònù òun dún láàárọ̀, ohùn ọmọ òun tó wà ní Kánádà ni. Ohùn náà ń sunkún, ó ní àwọn ọlọ́pàá ti mú òun, kí Mọ́mì má jẹ́ kí Dádì gbọ́, kí wọ́n tètè fi 400,000 náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan báyìí-báyìí. Ó ní òun ti ń wá ẹni tí yóò bá òun fi owó náà ránṣẹ́, àfi bí ọkàn òun ṣe sọ fún òun pé nǹkan kan kù. Ó wò mí lójú, ó ní, "Kò kí mi. Ọmọ mi kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láì kí mi. Bí ilé ń jó, á kọ́kọ́ ní 'Ẹ kú ọjà, Màmá mi.'" Ó ní òun gé fóònù náà, òun sì pe nọ́ńbà tí òun mọ̀ mọ́ ọmọ òun. Ojú oorun ló bá a.

Mo dúró pẹ́ níwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ti kọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, bóyá láti inú fídíò tí ọmọ náà fi sórí Facebook. Wọn kò kọ́ ọ ní ìkíni. Ìkíni tí àwọn ọmọ wa ń fojú tín-ín-rín wò yìí, òun ló gba 400,000 náírà sílẹ̀.

Kì í ṣe ọjà wa nìkan. Ní Hong Kong, òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Arup wọ ìpàdé orí fídíò, ó rí ọ̀gá rẹ̀, ó rí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì fi owó tó tó 25 mílíọ̀nù dọ́là ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ayédèrú ni gbogbo ojú tó rí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Nínú oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, fóònù ń dún nílé àwọn olùdìbò, ohùn Ààrẹ Biden ló sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má jáde wá dìbò abẹ́lé. Biden kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí oṣù kejì tó dé ìdajì, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti kéde pé ó lòdì sófin láti fi ohùn àtọwọ́dá pe àwọn ènìyàn lọ́nà bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì ṣètò rẹ̀ gba ìtanràn 6 mílíọ̀nù dọ́là lẹ́yìn náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni òfin fi dìde. Ní tiwa ńkọ́? Ojú àwọn oníròyìn tẹlifíṣàn tí gbogbo wa mọ̀ ni àwọn oníjìbìtì ti fi ń polówó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn bàbá àti ìyá wa sì ń rà á, wọ́n ń pa oògùn dókítà tì. Èyí ń dùn mí gan-an, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de ẹni tó ń ṣàwárí òótọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nípa ti ohùn yìí, n óò sọ ọ́ kí n tó jókòó.

Ọmọ tó rò pé ayé òun kò tó kọ sínú ìwé

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá láti ọdún 31 sẹ́yìn. Ọdún tó kọjá, mo ní kí kíláàsì kan kọ àròkọ lórí ọjọ́ kan tí wọn kò lè gbàgbé. Ìwé 38 ni mo gbà. Nígbà tí mo ka ìkẹwàá, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan náà ló ń bá púpọ̀ nínú wọn kọ ọ́. Oòrùn ń ràn nínú gbogbo rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, gbogbo wọn ló sì "kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá" nígbẹ̀yìn. Ọmọkùnrin kan láti Ìsẹ́yìn kọ pé òun àti bàbá òun lọ gbafẹ́ létí òkun. Mo mọ̀ pé ọmọ náà kò tíì rí òkun rí.

N kò bá a jà. Mo ní kó pa ìwé dé, kó dìde, kó sọ ọjọ́ kan tí kò lè gbàgbé fún wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ta òfì ilé wọn. Ara ìyá rẹ̀ kò yá, wọ́n nílò owó ilé ìwòsàn. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé òfì náà lọ tán, ilà tí òkúta tó ń fa òwú ti fà sílẹ̀ àgbàlá láti ọdún pípẹ́ ṣì wà níbẹ̀, àwọn adìẹ sì ń rìn kọjá lórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò gbá àgbàlá náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó dákẹ́, kò sẹ́ni tó mira nínú kíláàsì. Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o kò kọ ìyẹn?" Ó ní, "Mo rò pé kò tó nǹkan tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ni, sà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju jíjí ìwé wò lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi ń tijú ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Bí a bá tọ́ ìran kan dàgbà tó gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbàlá bàbá òun kò tó kọ, kò sí ohun tí ìran náà yóò lè tẹ̀ka sí mọ́ láyé.

Síbẹ̀ n kò ní sọ pé kí a lé ẹ̀rọ kúrò nílé ìwé, nítorí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Benin. Lọ́dún 2024, World Bank àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹdó kó àwọn ọmọ ilé ìwé girama ìjọba jọ lẹ́yìn àkókò ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ yìí kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí níbẹ̀ yọ dáadáa, ẹni tó bá sì ń wá déédéé ló jèrè jù. Ohun tí kò yẹ ká gbàgbé níbẹ̀ ni pé olùkọ́ wà nínú yàrá. Olùkọ́ ló ń sọ ohun tí wọn yóò bi ẹ̀rọ, olùkọ́ ló ń ní kí wọ́n padà yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀. Àtàǹpàkò olùkọ́ wà lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá sì ti múra sílẹ̀ de nǹkan ńlá rí. Oṣù keje ọdún 1952 ni S. O. Awokoya, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nínú ìjọba Awólọ́wọ̀, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955 ni ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe láàárín ọdún méjì àti ààbọ̀ yẹn? Wọ́n ń kọ́ olùkọ́. Wọ́n ń ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń gba owó orí tí yóò gbé ètò náà, àwọn ènìyàn tilẹ̀ bá wọn jà lórí owó orí náà. Lọ́dún 1954, ọmọ 456,600 ló wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́dún 1955, wọ́n di 811,432. Kò sí bí wọn kò ṣe ní ṣe àṣìṣe nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ènìyàn ṣíwájú. Lónìí, ìjọba ń pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ilé ìwé ní ibi tí olùkọ́ kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan péré lórí ẹ̀rọ yìí. Mo lòdì sí i, n óò sì máa lòdì sí i. Náírà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ná lórí AI nílé ìwé, orí olùkọ́ ni kó ná an sí.

Ní ti àròkọ, ohun tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kò gba owó. Ọmọ lè kọ ọ́ nílé, ó lè bi ẹ̀rọ léèrè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dìde sọ ọ́ lẹ́nu níwájú wa, kó sì dáhùn ìbéèrè méjì lórí rẹ̀. Ìdajì máàkì wà lórí ẹnu. Yorùbá kò ní láti lọ kọ́ èyí níbòmíràn. Bí wọ́n ṣe ń dán ọmọ awo wò nìyẹn kí bíìrò tó dé ilẹ̀ yìí.

Àmì ohùn, àti ẹni tó ni òwú

Ẹ mú fóònù yín, ẹ tẹ "Iya ra igba" láìfi àmì kankan sí i. Ṣé igbá ló rà ni, tàbí igba nǹkan, tàbí igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Ẹ̀yin mọ̀, nítorí ẹ mọ ìyá náà, ẹ sì mọ ọjà tó lọ. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá tí a ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àmì ohùn, òun náà ni ẹ̀rọ sì ń jẹ. Láti ọdún 1875 tí wọ́n ti jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, títí di àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 1974, àwọn àgbà ti ṣiṣẹ́ yìí fún wa. Àwa ni a jókòó tì í.

Nǹkan mìíràn tí mo ṣàkíyèsí: bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ yìí bá yín kọ Yorùbá, ní etí tèmi, ó máa ń dún bí ẹni tó ń ka Bíbélì níwájú ìjọ. Kò yà mí lẹ́nu. Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣe, tó pé tán lọ́dún 1884, wà lára ohun tó pọ̀ jù tó sì mọ́ jù tí ẹ̀rọ lè rí kà ní èdè wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Crowther. Ṣùgbọ́n níbo ni èdè àwọn ìyá ọlọ́jà wà nínú rẹ̀? Níbo ni èdè mẹkáníìkì wà, èdè àwọn agbẹ̀bí, èdè àwọn tó ń rẹ aró ní Òṣogbo? Ó wà nínú téèpù tó ń jẹrà nínú àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa, ọ̀pọ̀ ọdún ètò tí ẹnì kan kò tíì kọ sílẹ̀. Tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Ẹ ro ohùn tó ti gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́. Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ Yorùbá jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtumọ̀, lọ́dún 2015. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nínú ẹgbẹ́ Masakhane ń kó èdè Áfíríkà jọ fún ẹ̀rọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní N-ATLAS, tó gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì tí ìjọba kan náà kéde pé òun ti pa ìlànà tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tì. Ẹ̀rọ á gbọ́ Yorùbá, ọmọ kò ní í gbọ́ ọ! Ní ọdún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àwọn ọmọ ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, ohun tó sì fi hàn wá ni pé àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà. Mo rọ ìjọba kó padà lẹ́yìn ìpinnu yẹn.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé kí a wá kó gbogbo ohun tí a ní fún ẹ̀rọ ni? Rárá o. Ẹni tó hun aṣọ lórúkọ, ẹni tó ran òwú náà lórúkọ. Àwọn onírárà, àwọn babaláwo, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, àwọn ni wọ́n ran òwú yìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí i, kí wọ́n sì san ohun tó tọ́. Ohun tó bá jẹ́ awo, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún awo.

Iṣẹ́ àti òfin

N kò ní í pẹ́ lórí iṣẹ́. Ẹni tó ń bá ènìyàn tẹ ìwé, ẹni tó ń ya pátákó ìpolówó, ẹni tó ń túmọ̀ èdè, wọ́n ti ń rí i pé oníbàárà ń dínkù, kò sì yẹ ká máa tan ara wa jẹ pé iṣẹ́ tuntun yóò ti ojú ọ̀run já bọ́. Àwọn òǹkọ̀wé fíìmù ní Amẹ́ríkà kò dúró dè é. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 148 lọ́dún 2023, ara ohun tí wọ́n sì gbà ni pé ẹ̀rọ kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé lórí fíìmù, àti pé bí ilé iṣẹ́ bá gbé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ fún wọn, ó gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Ní Nairobi, ìwé ìròyìn Time sọ ọ́ lọ́dún 2023 pé àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Kenya ló ń ka ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ lójoojúmọ́ kí ChatGPT lè mọ ohun tí kò yẹ kó sọ, owó wọn kò sì tó dọ́là 2 fún wákàtí kan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ti mọ iye tí wọn yóò dá lé e kó tó dé.

Ní ti òfin, a kò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má dá ìpinnu tó wọ̀ ọ́ lára gan-an. Mélòó nínú wa ló mọ̀? Bí báńkì bá fi ẹ̀rọ kọ̀ láti yá yín lówó, ẹ lè ní kí ọmọ ènìyàn dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ Yúróòpù ní òfin tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 2024, àwọn apá rẹ̀ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí ẹ̀rọ tó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Kò burú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa mú òfin Ìyá Àgbà jáde kúrò nínú eruku, kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: ilé ìwòsàn, ilé ìwé, báńkì tàbí ọ́fíìsì ìjọba tó bá fi ẹ̀rọ kọ̀wé sí ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà, kí orúkọ òṣìṣẹ́ tó kà á kó tó jáde sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí orúkọ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dè wá.

Mo ṣèlérí pé n óò padà sórí ọ̀rọ̀ ohùn. Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láyé, ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ pè wọ́n. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ síbi kankan: orúkọ ajá tó kú nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, oúnjẹ tí ẹ jẹ lọ́jọ́ tí òjò ṣí òrùlé ilé. Bí ohùn yín bá bèèrè owó lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi í. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n gé fóònù. Ẹ pè wọ́n lónìí o, ẹ má fi dọ̀la.